Ẹ̀rọ Tó Mọ̀ Pé Iná Máa Ń Lọ

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ará Ìlọrin ń wá lára ẹ̀rọ ìgbàlódé, kó lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù kan ní Ọjà Tuntun, lápá Bàbókò, kó má ra nǹkan kan, kó ṣáà máa fetí sí ohun tí àwọn oníbàárà ń bèèrè. Ohun tí wọ́n kọ sára páálí kò kan ọ̀pọ̀ wọn. Iye kámẹ́rà tó wà lẹ́yìn fóònù, ọlọ́jà ló máa ń sọ ìyẹn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í. Ìyá tó wá ra fóònù á gbé e sọ́wọ́, á yí i síwá sẹ́yìn, á ní: "Ọmọ mi, ṣé bátìrì ẹ̀ máa ń pẹ́?" Ọmọkùnrin tó ń tà á á dáhùn: "Ẹ fọkàn balẹ̀, Alhaja, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni." Ìyá á ní: "Ìyẹn bí mi ò bá pe ẹnì kankan nìyẹn." Lẹ́yìn bátìrì ló máa kan tọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn tọ́ọ̀ṣì, ṣé ohùn ẹ̀ ń ròkè? Owó ló máa ń kẹ́yìn, ibẹ̀ sì ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè ìyá yẹn ni mo fẹ́ tẹ̀lé, nítorí ó gbọ́n ju ìpolówó lọ. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún ìlú tí iná kì í ti í lọ, àlejò ni ní Ìlọrin. Ó lè dán, ó lè wọ́n, àlejò náà ni títí yóò fi kọ́ bí wọ́n ti ń gbé ibi tí iná ti ń lọ láìdágbére. Èyí tó bá kọ́ ọ ni Ọjà Tuntun ń sọ di ọmọ onílé. Èyí tí kò bá kọ́ ọ, orí pẹpẹ ni eruku á bò ó mọ́.

Ohun tó ń dunni níbẹ̀ ni pé ibi tí iná ti ń wá kò jìnnà sí wa. Láti Ìlọrin dé Jẹ́bà, nǹkan bíi 100 kìlómítà ni, níbi tí ìdídò tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1985 wà lórí odò Ọya. Bí èèyàn bá tún bá odò náà gòkè, yóò kan Kainji, àgbà ìdídò ilẹ̀ Nàìjíríà, tí wọ́n ṣí ní 1969. Omi tó ń ṣàn gba ẹ̀bá ìpínlẹ̀ Kwara kọjá ló ń yí àwọn ẹ̀rọ yẹn, àmọ́ iná tó bá ti ibẹ̀ jáde, inú wáyà gbogbogbòò orílẹ̀-èdè ló ń wọ̀ kí wọ́n tó pín in padà fún wa. Wáyà gbogbogbòò yìí sì dákú lọ́pọ̀ ìgbà ní 2024, débi pé Èkó, Kánò àti Ìlọrin jọ máa ń wà lókùnkùn lẹ́ẹ̀kan náà. Bí iná bá dé, àwọn ọmọdé ṣì ń pariwo "Ọ́ọ̀pù NẸ́PÀ!" NẸ́PÀ ọ̀hún, ilé-iṣẹ́ iná ìjọba, ti kógbá wọlé láti 2005, wọ́n sì ti gbé iṣẹ́ pípín iná fún àwọn aládàáni ní 2013. Ariwo náà ò mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí fóònù alágbèéká dé, ní oṣù Kẹjọ 2001, tí Econet àti MTN ṣí ilẹ̀kùn, owó ni gbogbo èèyàn ń wò. Síìmù nìkan ju owó oṣù òṣìṣẹ́ kékeré lọ. Ìṣẹ́jú kan, náírà 50. Tí o bá sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú kan, tí o fi ìṣẹ́jú-àáyá méjì lé e, ìṣẹ́jú méjì ni wọ́n máa yọ. Ibẹ̀ ni fíláàṣì ti wáyé: kó o pe èèyàn, kó o já a kó tó gbé e, kóun náà mọ̀ pé òun lo ń wá. Ní oṣù Kẹjọ 2003 ni Glo dé, tó ní òun á máa ka ìṣẹ́jú-àáyá, tí àwọn tó kù sì tẹ̀ lé e nígbà tí wọn ò rí ọ̀nà mìíràn gbà.

Ọdún tí Glo dé yẹn náà ni Nokia gbé fóònù kan jáde tí wọ́n pè ní 1100. Kò ní kámẹ́rà, kò ní àwọ̀, kò ní íntánẹ́ẹ̀tì. Rọ́bà ni wọ́n fi bo bọ́tìnnì rẹ̀ kí eruku má baà ráyè wọlé, wọ́n sì ṣe ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó má yọ̀ ní ọwọ́ tó ti làágùn. Lórí rẹ̀ lókè, wọ́n fi tọ́ọ̀ṣì sí i. Ẹni tó rò ó ti ronú kan àwọn ìlú bíi tiwa. Ó ju 250 mílíọ̀nù irú rẹ̀ tí Nokia tà káàkiri ayé, nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà sì ta fóònù tó pé bílíọ̀nù kan ní 2005, Nokia 1100 ni fóònù náà, Nàìjíríà ni wọ́n ti rà á. Mi ò mọ ọjà tí wọ́n ti rà á, ṣùgbọ́n ó dá mi lójú pé ẹni tó rà á kọ́kọ́ tan tọ́ọ̀ṣì ẹ̀ wò.

Lẹ́yìn Nokia ni Tecno. Zhu Zhaojiang, ará Ṣáínà, ló dá ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é sílẹ̀ ní 2006, kò sì pẹ́ tó fi kọ ẹ̀yìn sí àwọn ọjà ńlá ayé, tó dojú kọ Áfíríkà. Ohun tó rí nílẹ̀ kò ṣòro láti rí: ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gbé fóònù méjì kiri, nítorí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tó dára ní Bàbókò lè máà dára lábúlé, ìpè láti nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kan sí òmíràn sì wọ́n. Ó fi síìmù méjì sínú fóònù kan. Ó fi bátìrì ńlá sí i. Ó tún kámẹ́rà ṣe kí ojú aláwọ̀ dúdú má baà di òjìji nínú fọ́tò, kó má ṣẹ́ ku eyín nìkan. Lónìí, Tecno, Itel àti Infinix, ọmọ baba kan náà ni wọ́n, Transsion ni orúkọ baba wọn, ní 2019 sì ni wọ́n gbé e wọ ọjà ìdókòwò Shanghai. Èyí ò ní kí àwọn ọ̀dọ́ má máa bá ara wọn jiyàn lójú ọ̀nà pé Infinix ju Tecno lọ, tàbí Tecno ju Infinix. Ìyá kan náà ló ń dáná fún wọn.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí bátìrì kan, BL-5C. Nokia ló ṣe é, òun ló wà nínú 1100. Pelebe ni, kò ju àpótí ìṣáná lọ púpọ̀. Ní oṣù Kẹjọ 2007, Nokia kéde pé mílíọ̀nù 46 nínú rẹ̀, èyí tí Matsushita ilẹ̀ Japan bá a ṣe, lè gbóná jù bí wọ́n bá ń gba iná lọ́wọ́, pé kí ẹni tó bá ní in wá gba òmíràn. Ní 2014, Nokia ta iṣẹ́ fóònù rẹ̀ fún Microsoft, ó kúrò nílẹ̀. Bátìrì rẹ̀ kò kúrò. Gbogbo ilé-iṣẹ́ kéékèèké ní Ṣáínà ti mọ ìwọ̀n rẹ̀, wọ́n sì ń ṣe ẹ̀rọ tuntun tó bá a mu: fóònù Itel oníbọ́tìnnì, rédíò olówó pọ́ọ́kú, agbóhùnsókè tí wọ́n ń gbé kọ́ ọrùn. Nítorí náà, bátìrì kan ṣoṣo lè ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ mẹ́ta nínú ilé kan náà. Bí ti fóònù bá kú lálẹ́, wọ́n á yọ ti rédíò sí i. Kò sí ìwé tó kọ́ ẹnikẹ́ni níyẹn.

Bí ẹ bá fẹ́ ra BL-5C, ẹ wo ohun tí àwọn tó mọ̀ ọ́n máa ń ṣe. Wọ́n á tẹ́ ẹ sórí gíláàsì ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á fi ìka gbá igun rẹ̀. Bó bá yí bí òkòtó, ó ti wú nínú, kí wọ́n gbé e jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bó bá dúró gbọin, kí ìnájà máa lọ.

Rédíò kékeré tí mo dárúkọ yẹn ló wù mí jù nínú gbogbo ọjà náà. Ó ní ojú ihò fún fláàṣì, ó ní fún mẹ́mìrì káàdì, ó ní éríà tó ń gùn jáde, ó ń gbọ́ FM, ó sì ní tọ́ọ̀ṣì nígbà mìíràn. Ẹni tó ṣe é ní Ṣáínà lè rò pé orin ni wọ́n máa fi gbọ́. Ní Ìlọrin, wáàsí ló kọ́kọ́ ń lọ síbẹ̀. Bí ẹ bá ra mẹ́mìrì, ọmọkùnrin tó jókòó ti kọ̀ǹpútà á bi yín pé kí lòun máa dà sí i. Àwọn ààfáà wà nínú fódà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, orúkọ oníkálukú lórí tiẹ̀. "Ẹ bá mi da wáàsí sí i, ẹ má fi orin kan sí i o." Ẹlòmíràn á ní wáàsí gígábáìtì mẹ́rin, kí ìyókù jẹ́ dàdàkúàdà, orin ìbílẹ̀ Ìlọrin. Ọdọ́láyé Àrẹ̀mú, àgbà olórin dàdàkúàdà, kú ní 1997, ṣáájú kí ẹnikẹ́ni ní Ọjà Tuntun tó mọ ohun tí ń jẹ́ mẹ́mìrì káàdì, ohùn rẹ̀ sì wà nínú ohun tí kò tó èékánná àtàǹpàkò, ó ń bú, ó ń yìn, ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà ayé rẹ̀, kásẹ́ẹ̀tì ni, irú èyí tí Philips kọ́kọ́ gbé jáde ní Berlin ní 1963, tí ẹ ó máa fi bírò yí padà bí rédíò bá jẹ téèpù. Owó díẹ̀ ṣì ń tinú kásẹ́ẹ̀tì dé ọwọ́ akọrin. Mẹ́mìrì tí wọ́n ń dà yìí, mi ò rí ojú ọ̀nà tí owó rẹ̀ ń gbà dé ọ̀dọ̀ ẹni tó kọrin, ó sì yẹ kí àwa tó ń rà á mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan á ní, kí ló dé tí wọn ò gbọ́ ọ lórí YouTube? Dátà ni. Ní oṣù Kìíní 2025, àjọ NCC, tó ń ṣàkóso àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù, fọwọ́ sí i kí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù fi owó tó tó ìdá 50 nínú 100 lé iye tí wọ́n ń gbà. Wáàsí wákàtí méjì tí ẹ bá wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan, ẹ ti sanwó rẹ̀. Bí ẹ bá tún un wò, ẹ tún san án. Èyí tó wà nínú mẹ́mìrì, ẹ lè gbọ́ ọ títí Ràmádánì yóò fi lọ tí yóò tún padà dé.

Ṣùgbọ́n mẹ́mìrì ayédèrú pọ̀. Wọ́n á kọ 64 sí i lára, kọ̀ǹpútà náà á rí 64, nítorí ẹni tó ṣe é ti kọ́ ọ ní irọ́ tó máa pa. Inú rẹ̀ lóòótọ́ kò ju 8 lọ. Àwọn wáàsí tí wọ́n kọ́kọ́ dà sí i á máa sọ̀rọ̀ geere, àwọn tó wà lẹ́yìn á yadi. Nítorí náà, ẹ má gbọ́ ti àkọ́kọ́ nígbà tí ẹ bá ń dán an wò. Ẹ ní kí wọ́n da nǹkan kún un dẹ́nu, kí ẹ wá tẹ èyí tó kẹ́yìn pátápátá.

Níwọ̀n ìgbà tí a ti dé ọ̀rọ̀ ààfáà, mo ní láti dárúkọ tẹ̀sùbáà onínọ́ńbà, rọ́bà kékeré tí wọ́n ń wọ̀ sí ìka, tí wọ́n ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ bí wọ́n ti ń ṣe sìkírì. Ó ń kà á, ẹni tó ń ṣe é ò ní ṣì í kà. Àwọn àgbà kan ò fẹ́ ẹ, wọ́n ní ìlẹ̀kẹ̀ ni àwọn mọ̀, nítorí ìlẹ̀kẹ̀ kò ní bátìrì tó ń kú. Ẹ rí i pé bátìrì náà la tún padà sí.

Ẹ̀rọ mìíràn tó di ọmọ onílé láìsí pé ẹnikẹ́ni polówó rẹ̀ ni gbígba ohùn sílẹ̀ lórí WhatsApp, èyí tí wọ́n fi kún un ní 2013. Ìyá tí kò mọ̀wé kọ, tó jẹ́ pé ọmọ ọmọ ló ń bá a ka lẹ́tà, ń tẹ bọ́tìnnì kan mọ́lẹ̀, ó ń ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ ní Jeddah tàbí London ní Yorùbá Ìlọrin tó dá ṣáká. Kò nílò àmì ohùn, kò nílò lẹ́tà. Ó ń kí i, ó ń ki í, ó ń gbàdúrà fún un, ó sì ń rán an létí owó tó ṣèlérí.

Nípa pawabánkì, ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rẹ́ àwọn èèyàn jẹ jù. 10,000 mAh tí wọ́n kọ sára rẹ̀, orí bátìrì inú rẹ̀ ni wọ́n ti kà á, fóòtì 3.7. Fóòtì 5 ló fi ń jáde sínú wáyà. Bí ẹ bá yí i padà, 10,000 di 7,400. Ooru á jẹ nínú ìyẹn náà, ohun tó máa jáde gan-an kò ní ju bíi 6,000 lọ. Fóònù tí bátìrì rẹ̀ jẹ́ 5,000 á kún lẹ́ẹ̀kan, á sì tún gba díẹ̀ sí i, ó parí. Ẹni tó ní kó kún ẹ̀ẹ̀mejì kó tó gbà pé ojúlówó ni, ó ń fi ìyà jẹ ọlọ́jà. Ṣùgbọ́n ọlọ́jà tó ń ta èyí tí wọ́n kọ 50,000 sí, tó fúyẹ́ bí páálí rẹ̀, ìyẹn ń fi ìyà jẹ gbogbo wa. Àwọn tó ń lọ sí Mọ́kà láti pápákọ̀ òfurufú Ìlọrin gbọ́dọ̀ mọ èyí pẹ̀lú: wọn kì í jẹ́ kí pawabánkì wọ inú ẹrù tí wọ́n ń kó sábẹ́ ọkọ̀ òfurufú, ọwọ́ ni kí ẹ fi mú un, kò sì gbọ́dọ̀ ju 100 watt-hour lọ láìgba àṣẹ, ìyẹn nǹkan bíi 27,000 mAh. Alhaji tó ra oní-50,000, bí nọ́ńbà náà bá jẹ́ òótọ́, wọn ò ní jẹ́ kó gbé e wọkọ̀. Bó bá jẹ́ irọ́, ó ti sanwó irọ́.

Kí ló dé tí ọlọ́jà tó ń ta ata náà fi ń ra pawabánkì? Ẹ rántí ìbẹ̀rẹ̀ 2023. Báńkì àgbà ti yí àwọ̀ náírà 200, 500 àti 1,000 padà, owó tuntun ò tó, ti àtijọ́ ò ṣeé ná mọ́ títí tí ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ fi dá sí i ní oṣù Kẹta. Ẹni tí kò gba owó lórí fóònù ò tajà ní oṣù méjì yẹn. Ìyá aláta kọ́ bí wọ́n ti ń wo àlááàtì, ó kọ́ bí wọ́n ti ń mọ ayédèrú rẹ̀, kò sì gbàgbé mọ́. Láti ìgbà náà, àpò owó rẹ̀ ni fóònù rẹ̀. Bó bá kú ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, àpò ti di.

Bó bá sì kú, ibi tí wọ́n ti ń bá èèyàn sájì fóònù wà. Ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀ kékeré kan á máa ké lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, irú èyí tí gbogbo ayé ń pè ní "I pass my neighbour", fóònù á tò sórí pákó, nọ́ńbà á wà lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà kan náà á wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù Karùn-ún 2023, lítà bẹntiróòlù fò láti abẹ́ náírà 200 kọjá 500, nígbà tó máa fi di ìparí 2024, ó ti kọjá 1,000. Owó sájì náà gòkè. Ìgbà yẹn ni páńẹ́lì sólà bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú sórí páànù àwọn ṣọ́ọ̀bù, àwọn tó sì ń fi ẹnu ta jẹnẹrétọ̀ tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu kan náà ta sólà.

Fáànù ríchájébù, ẹ gbọ́ mi lórí rẹ̀, nítorí oṣù Kẹta ní Ìlọrin kò ṣeé fi ṣeré. Oríṣi méjì ni bátìrì tó ń wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ olójé, ó wúwo, irú tinú ọkọ̀ àmọ́ tó kéré. Èkejì ni líthíọ̀mù, ó fúyẹ́. Ohun tó ń pa olójé ni kí wọ́n gbé e sí kọ̀rọ̀ lẹ́yìn tí òjò ti dé, láìsí iná nínú rẹ̀. Iyọ̀ á dì mọ́ òjé náà lára, nígbà tí ooru bá padà, fáànù á yí fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á dúró. Àwọn èèyàn á ní ayédèrú ni. Ayédèrú kọ́, ebi ló pa á. Olójé, ẹ máa fún un ní iná lóṣooṣù, ì báà jẹ́ oṣù òjò. Líthíọ̀mù ò fẹ́ kí ẹ fi sílẹ̀ lófìfo, kò sì fẹ́ ooru. Ẹ má gbé e sínú oòrùn nítorí pé ẹ ń fi sólà sájì rẹ̀. Páńẹ́lì ló ń lọ sínú oòrùn, fáànù ń dúró lábẹ́ òrùlé.

Ẹ̀rọ tó wá pa mí lẹ́rìn-ín jù ni mítà pirípéèdì. Ẹ máa san owó iná ṣáájú, wọ́n á fi tókìn onínọ́ńbà 20 ránṣẹ́ sórí fóònù yín, ẹ ó tẹ̀ ẹ́ sínú mítà. Ó dára. Àmọ́ ká ní owó iná tán lóru, fóònù náà sì ti kú. Tókìn wà nínú fóònù, iná tó máa jí fóònù wà nínú tókìn. Mo mọ ilé tí wọ́n ti ń da tókìn kọ sínú ìwé nítorí èyí, ìwé àti bírò, lórí òkè fìríìjì.

Ìtàn mítà náà ò tán síbẹ̀. Irú tókìn yìí, tí wọ́n ń lò ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ayé, ń tẹ̀ lé aago kan tó ń ka ìṣẹ́jú láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 1993. Tókìn kọ̀ọ̀kan ló ń gbé iye ìṣẹ́jú yẹn dání, kí mítà lè mọ̀ pé kì í ṣe ti àná ni ẹ tún ń tẹ̀. Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún nọ́ńbà náà kò lè gbà ju 16,777,215 lọ. Ọjọ́ kẹrinlélógún oṣù Kọkànlá 2024 ló kún. Kí ọjọ́ náà tó pé, oníbàárà gbọ́dọ̀ tẹ tókìn méjì mìíràn, onínọ́ńbà 20 ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí mítà lè bẹ̀rẹ̀ kíkà láti ìbẹ̀rẹ̀, kó tó wá tẹ tókìn iná gan-an. Ọgọ́ta nọ́ńbà. Àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú bàìbàì ní láti pe ọmọ tó ń jẹ iyán lọ́wọ́ pé kó wá bá òun tẹ̀ ẹ́, ọmọ á ṣi ẹyọ kan tẹ̀, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó wà ní Báńdì A, ìpele àwọn tó ń san owó iná jù, tí owó ẹyọ kan wọn ti fò láti náírà 68 sí 225 ní oṣù Kẹrin ọdún náà, ń bèèrè ìdí tí ìyà fi tún gbọ́dọ̀ kún ti owó. Bóyá ẹni tó ṣe aago yẹn kò rò pé mítà á pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. A ò lè bá a wí. Àwa náà ò rò pé NẸ́PÀ á pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́ ńkọ́? Ìwé tí wọ́n ń fún èèyàn ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù sọ pé ọjà tí ẹ bá ti rà kò ṣeé dá padà. Òfin ààbò oníbàárà 2018 ò bá wọn sọ ọ́ bẹ́ẹ̀: ó fún oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọjà tó lábùkù padà, ìlà kan lábẹ́ rìsíìtì kò sì tó láti gba ẹ̀tọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni mélòó ló máa torí fóònù wá àjọ FCCPC, tó ń rí sí òfin náà, lọ? Ohun tí ọjà fi ṣe òfin ni dídán wò. Ẹ máa fi síìmù sí i lójú ọlọ́jà, ẹ máa pè, ẹ máa tan tọ́ọ̀ṣì, ẹ máa so ó mọ́ sájà kí ẹ rí i pé ó ń gbà á. Tòkunbọ̀, wọ́n lè fún yín ní ọ̀sẹ̀ kan láti fi dán an wò, àdéhùn ẹnu ni. Bó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ injiníà ló kù, ọmọkùnrin tó jókòó sábẹ́ agbòòrùn pẹ̀lú ẹ̀rọ atẹ́gùn gbígbóná àti gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá, tí kò lọ sí yunifásítì kankan kọ́ ọ, tó sì ń jí òkú dìde.

Injiníà náà gan-an ló ń ráhùn jù nísinsìnyí. Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ bọ̀, ọjà ló ń borí: ó béèrè tọ́ọ̀ṣì, wọ́n ṣe tọ́ọ̀ṣì; ó béèrè síìmù méjì, wọ́n fi síìmù méjì sí i. Lórí bátìrì, ọjà fìdí rẹmi. Fóònù ìfọwọ́tẹ̀ tó ń dé báyìí, wọ́n ti fi gọ́ọ̀mù lẹ bátìrì mọ́ inú rẹ̀, wọ́n sì lẹ ẹ̀yìn rẹ̀ pa. Ìgbà tí bátìrì bá wú, kò sí ohun tí ẹ máa tẹ́ sórí gíláàsì. Injiníà á yan ẹ̀yìn náà lórí iná, á fi páálí pẹlẹbẹ wá a ṣí díẹ̀díẹ̀, bí ọwọ́ rẹ̀ bá sì gún bátìrì náà, èéfín á rú. Nígbà mìíràn skrín náà á fọ́, owó àtúnṣe á sì sún mọ́ iye fóònù.

Ọ̀rọ̀ bátìrì yìí ti sú àwọn ará Yúróòpù náà. Ní 2023, Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe òfin pé láti ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kejì 2027, bátìrì inú ẹ̀rọ kéékèèké tí wọ́n bá ń tà lọ́dọ̀ wọn gbọ́dọ̀ ṣeé yọ fún ẹni tó ni ẹ̀rọ náà. Ihò kan wà o, nínú òfin mìíràn tí wọ́n ṣe fún fóònù: fóònù tí omi ò lè wọ̀, tí bátìrì rẹ̀ ṣì ń gba ìdá 80 nínú 100 lẹ́yìn tó ti gba iná fún ìgbà 1,000, wọ́n lè máa fi irú rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kó jẹ́ injiníà nìkan ló máa yọ ọ́. Ó ṣeé ṣe kí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá gba ihò náà jáde.

Òfin Yúróòpù ò dé Ìlọrin. Ẹrù wọn ń dé. Fóònù tí wọ́n bá rà ní Berlin tàbí Amsterdam ní 2027, ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin lẹ́yìn náà, wọ́n á tà á, á wọ kọ̀ǹténà, á dé Èkó, á gun ọkọ̀ gba Ìbàdàn àti Ògbómọ̀ṣọ́ wọ Bàbókò, tòkunbọ̀ nígbà náà. Ìyá á gbé e sọ́wọ́, á bèèrè bóyá bátìrì ẹ̀ máa ń pẹ́. Ọlọ́jà á fi èékánná ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, tàbí kó má ṣeé ṣí.